Ẹ Fi Ọ̀rọ̀ Iyàrá Sílẹ̀, Ẹ Sọ Ti Àpò Wa

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún la wà yìí ní Nàìjíríà, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Oúnjẹ wọ́n, owó ọkọ̀ wọ́n, owó ilé-ìwé ọmọ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ ká ríran láàárín ẹkún náà. N kò sọ ti olóṣèlú nìkan. Àwọn oníwèé ìròyìn àhesọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Iṣẹ́ ìròyìn ni èmi náà fi ń jẹun, bí ilé bá sì ń jò, àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ pariwo.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àhesọ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ra Lagos Weekend, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rà. Òfófó ni, ẹ̀rín ni, wọ́n á kà á tán, wọ́n á fi wé ẹ̀pà. Bí wọ́n bá ń wá ìròyìn ìjọba, wọ́n mọ ìwé tí wọn yóò rà. Ohun tó dé bá wa nísinsìnyí ni pé òfófó ti gbé aṣọ ìròyìn wọ̀, ó ti jókòó sórí àga ọ̀rọ̀ òṣèlú, kò sì fẹ́ dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Owó wọn kò ti àpò òǹkàwé wá, bíi ti ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń polówó ọjà ló ti ń wá, bí èrò tó ń tẹ àkọlé bá sì ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe ń pọ̀. Nítorí náà, àkọlé gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. "Háà! Ẹ wo ohun tí ìyàwó gómìnà ṣe ní gbangba!" Ìwọ náà á tẹ̀ ẹ́, dátà rẹ á jó, ohun tí o máa bá nísàlẹ̀ ni pé ìyàwó gómìnà wọ bàtà pupa lọ síbi òkú. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dá wọn lójú, wọ́n á fi àmì ìbéèrè sí i nídìí: "Ṣé lóòótọ́ ni mínísítà yìí ti kọ ọkọ rẹ̀?" Ta ló fẹ́ pe àmì ìbéèrè lẹ́jọ́? Tí ọ̀kan bá ti gbé e jáde, mẹ́wàá á dà á kọ láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Tó bá di ọ̀sán, àwa òǹkàwé á ní, "Ó ti wà níbi gbogbo, kò lè jẹ́ irọ́." Bẹ́ẹ̀ ẹnu kan ṣoṣo ló sọ ọ́. Gbohùngbohùn ni gbogbo ìyókù.

Tí ẹ bá rò pé eré lásán ni, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí nǹkan mẹ́ta.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, Àìṣá Bùhárí, ìyàwó Ààrẹ ìgbà náà, bá BBC Hausa sọ̀rọ̀. Ó ní nínú ènìyàn 50 tí ọkọ òun yàn sípò, ọkọ òun kò mọ 45, àti pé àwọn kan ló ń darí ìjọba náà láti ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ o! Kì í ṣe ìjà ọkọ àti ìyàwó nìyẹn. Ẹ̀sùn òṣèlú ni, ẹni tó fi ẹ̀sùn náà kàn wọ́n sì ń gbé inú ilé ìjọba. Olóògbé Muhammadu Bùhárí wà ní Jámánì nígbà náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angela Merkel, olórí ìjọba ibẹ̀, ó ní òun kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ìyàwó òun wà, pé ilé ìdáná òun, pálọ̀ òun àti iyàrá kejì ni ìyàwó òun wà fún. Kí ni àwọn aláhesọ gbé? Iyàrá ni! Wọ́n fi iyàrá kejì ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n fi ya àwòrán, ó di orin lẹ́nu ọmọdé. Àwọn ènìyàn 45 yẹn ńkọ́? Orúkọ wọn ńkọ́? Ta ló mú wọn wá? Èló ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá? Iyàrá ti gbé gbogbo ìbéèrè yẹn mì.

Èkejì. Lọ́dún 2017, Ààrẹ kan náà lo ohun tó lé ní 100 ọjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí àìsàn. Ìjọba kò sọ irú àìsàn tó jẹ́ fún wa. Ìbéèrè ńlá ni, nítorí pé ọmọ ìlú ló gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ kan jáde pé Ààrẹ ti kú, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jibril ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbé e láti ojú ewé dé ojú ewé, wọ́n ń fi etí rẹ̀ wé etí, tó fi jẹ́ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Ààrẹ fúnra rẹ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland, ó ń búra pé òun ni òun. Ta ni irọ́ yẹn ṣe lóore? Ìjọba ni! Láti ìgbà náà, ẹni tó bá béèrè pé àìsàn wo ló ṣe Ààrẹ, èló la san níbẹ̀, wọ́n á ní ọ̀kan nínú àwọn oní-Jibril ni.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ Túsìdeè, 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Ààrẹ gbé ìṣúná ọdún 2020 lọ síwájú àwọn aṣòfin, tírílíọ̀nù náírà 10.33. Wọ́n gbé e ka orí ẹ̀kún owó orí ọjà, VAT, láti náírà 5 sí náírà 7.50 lórí ọjà ọgọ́rùn-ún náírà. Àwọn ibodè ilẹ̀ wa ti wà ní títì láti oṣù Kẹjọ, ìrẹsì ti gbówó lórí. Kí ni ìlú ń sọ ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà? Ìgbéyàwó! Wọ́n ní Ààrẹ fẹ́ fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mínísítà obìnrin rẹ̀. Wọ́n pín káàdì ìpè, wọ́n pín fídíò. Jímọ̀ dé, Jímọ̀ lọ, kò sí ìyàwó, kò sí ọkọ. Ṣùgbọ́n VAT kò fi tirẹ̀ ṣeré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbọ́ ti ìgbéyàwó àti ẹni tí kò gbọ́ ló jọ san án.

Ẹ sì wo obìnrin nínú ọ̀ràn yìí. Tí ọkùnrin bá di mínísítà, wọ́n á béèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á béèrè ẹni tó ń bá sùn. Ìwà yìí burú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin nílé, ṣé irú nǹkan báyìí lẹ fẹ́ kó kà kó tó pinnu pé òun náà fẹ́ dupò?

Àwọn tó ni ojú ewé wọ̀nyí ní èsì kan tí wọ́n máa ń fọ̀ bí àdúrà: "Ohun tí aráyé fẹ́ là ń tà." Mo mọ èsì yẹn dáadáa. Mo kọ àpilẹ̀kọ kan nígbà kan nípa ìjọba ìbílẹ̀ tó ní òun ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ará ìlú, bẹ́ẹ̀ mo dé ibẹ̀, koríko ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn. Olóòtú tí mo gbé e lọ bá, ọmọdékùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kà á tán, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ò kì í tà. Ṣé alága yẹn ò lálè ni?" Ẹ gbà mí o! Àwọn ènìyàn tí kò rómi mu ni ó ní wọn kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi.

Irọ́ sì ni. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Premium Times, tó jẹ́ ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé e jáde pé ìwé tí Kemi Adeosun, mínísítà fún ètò ìṣúná, fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda òun kúrò nínú ìsìnlú kì í ṣe ojúlówó. Kò sí àlè nínú rẹ̀, kò sí bàtà pupa, ìwé ẹyọ kan ni. Ṣé aráyé kò kà á? Gbogbo ìlú ló kà á! Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, mínísítà ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ sọ lọ́dún 2021 pé òfin kò fi dandan mú un láti sìnlú, ó sì yẹ ká sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì kò lẹ́bi. Ọ̀bẹ ni. Ẹnìkan ń fi gé ẹ̀fọ́, ẹnìkan ń fi já àpò.

Ẹ má sì ní kí ọlọ́pàá lọ kó wọn o! Òfin ọ̀ràn orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015, oníròyìn gidi ni wọ́n fi ń tì mọ́lé. Aláhesọ kì í ba olóṣèlú lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ìjọba tó ń gbé ẹrù wúwo kọjá lóru fẹ́ràn ẹni tó ń lùlù lójúde.

Ọwọ́ wa ló kù sí. Bí àkọlé bá pariwo mọ́ ọ, má tíì tẹ̀ ẹ́. Béèrè pé: ta ló sọ ọ́, kí lorúkọ rẹ̀, ibo ló ti sọ ọ́? Tí kò bá sí orúkọ, kọjá lọ. Má fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ tàbí ti àdúgbò, kí o wá kọ "bí mo ṣe gbà á" sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gba ẹrù olè pa mọ́ kò yàtọ̀ sí olè. Tó o bá sì gbọ́ pé ìyàwó olóṣèlú kan ń jà, tètè wo ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jíròrò lọ́sẹ̀ yẹn. Níbẹ̀ gan-an ni owó ọjà rẹ wà.