Ẹ Jẹ́ Kí Akọni Tó Kú Sinmi

Nínú gbogbo ohun tí àwọn tó ń ṣe eré akọni alágbára abàmì fún tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ti dán wò láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé sẹ́yìn, kò sí èyí tó ti ba ìtàn akọni jẹ́ tó àṣà tí wọ́n ń dá, pé bí akọni kan bá kú, wọn a lọ gbé ẹ̀dà rẹ̀ wá láti ayé mìíràn, kí ó wá wọ ẹ̀wù rẹ̀, kí ó jókòó sórí àga rẹ̀, kí ó sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lójú àwọn tó sin ín. Mo ní kí àṣà náà dópin. N kò ní kí wọ́n dín in kù, n kò sì ní kí wọ́n máa fi ọgbọ́n ṣe é. Kí wọ́n pa á tì pátápátá ni mo wí, nítorí pé akọni tí ikú kò lè mú kúrò nílẹ̀ kì í ṣe akọni mọ́, òǹwòran tí a bá sì ti kọ́ pé asán ni ẹkún tí òun sun, kì í tún sun ún nígbà mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìpàdé àwọn akọni, èyíinì ni kí akọni inú eré kan yọjú sínú eré akọni mìíràn, ni mo ń bá jà. Ìyẹn ti wà tipẹ́, ó sì dára. Ní oṣù kẹta ọdún 1967, Green Hornet àti Kato, tí Van Williams àti Bruce Lee ṣe, lọ bá Batman àti Robin lálejò nínú eré tiwọn fún alẹ́ méjì. Wọ́n jà, kò sí ẹni tó dá ẹnì kejì, olúkúlùkù sì padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú iyì rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, Oliver Queen, tafàtafà inú eré Arrow, wá sí ìlú Barry Allen, ẹni tó ń sáré bí mànàmáná nínú eré The Flash, ó sì ta á lọ́fà lẹ́yìn láti kọ́ ọ pé ẹsẹ̀ yíyá nìkan kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ewu tí kò fojú wá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Barry náà lọ sí ìlú Oliver, ó sì rí i bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dá afurasí lóró kí ó lè jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kó ìdààmú bá a. Nínú ìbẹ̀wò méjèèjì yẹn ni a ti mọ ìwà àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ju bí a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Àlejò tó mọ̀ pé òun kì í pìtàn ìlú fún onílé, tó ran onílé lọ́wọ́, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dágbére, ẹ̀yẹ ni fún ilé tó wọ̀.

Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀dà a máa sọ pé àṣà àtijọ́ ni, pé inú ìwé ìtàn aláwòrán ni tẹlifíṣọ̀n ti mú un. Òtítọ́ ni pé ibẹ̀ ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1940 ni Gardner Fox kọ́kọ́ kọ ìtàn Flash, Jay Garrick sì ni orúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tó di ọdún 1956, tí ìtàn ti Jay ti kásẹ̀ nílẹ̀, ilé iṣẹ́ DC gbé Flash mìíràn jáde, ìyẹn Barry Allen. Ní ọdún 1961, Fox yìí kan náà, pẹ̀lú ayàwòrán Carmine Infantino, mú kí Barry já ààlà tó wà láàárín ayé méjì, kí ó sì lọ bá Jay nínú ayé tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Jay kì í ṣe ẹ̀dà Barry. Ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó ní aya tirẹ̀, ó ní ìlú tirẹ̀, akoto onírin ló ń dé sórí, kò sì sí òkú kankan tí ó wá dí àlàfo rẹ̀. Ọ̀dọ́ ló lọ kí àgbà tí ayé ti gbàgbé, kí wọ́n lè tún rántí rẹ̀. Bí ayé kejì bá jẹ́ ti irú èyí, ta ni yóò bá a jà?

Wàyí o, ẹ wo ohun tí tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́ dà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2016, wọ́n pa Laurel Lance nínú eré Arrow. Agbẹjọ́rò ni Laurel, ọmọ ọlọ́pàá, obìnrin tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́, tó sì gbé ara rẹ̀ dìde títí ó fi wọ aṣọ ogun tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní Black Canary. Sáà mẹ́rin ni àwọn òǹwòran fi bá a rìn. Nígbà tó kú, eré náà fi Quentin, bàbá rẹ̀, hàn wá, bó ti ń wá gbogbo ọ̀nà tí a fi lè jí i, tí kò fẹ́ gbà, títí Oliver fi jẹ́ kó yé e pé ó ti lọ, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ìran yẹn dára, ó dùn mí wọra, mo sì yin àwọn tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún kan náà, nígbà tó jẹ́ pé bó bá ṣe láàárín wa ni, àdúrà ogójì ọjọ́ òkú ni à bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán, Katie Cassidy, òṣèré kan náà, yọ nínú eré The Flash gẹ́gẹ́ bí Black Siren, Laurel ti ayé kejì, òǹrorò tó ń fi igbe ẹnu wó ilé. Láti ibẹ̀ ló ti gba ìlú Oliver lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jẹ́ kí ó máa pe ara rẹ̀ ní Laurel tí ìlú mọ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ìlú náà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ojú Laurel wà lára rẹ̀, ohùn Laurel wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìyà tó sọ Laurel di ẹni tí a fẹ́ràn, kò jẹ ọ̀kan nínú wọn.

Lọ́dún kan náà, nínú eré The Flash, wọ́n pa Henry Allen, bàbá Barry, lójú ọmọ rẹ̀. Ìsìnkú rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ apá tó kádìí sáà kejì. Kí apá kan náà tó parí, wọ́n tú ìbòjú onírin kúrò lójú ẹlẹ́wọ̀n kan, ó di Jay Garrick, ojú Henry ló sì ní. Ilẹ̀ tí a fi bo bàbá kò tíì gbẹ! Mo mọ̀ pé John Wesley Shipp, tó ṣe àwọn méjèèjì, jẹ́ òṣèré tó mọṣẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe eré náà fẹ́ fi dá a lọ́lá. Ọlá kọ́ nìyẹn. Ọmọ tó pàdánù bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń fi ojú bàbá náà hàn láti ìgbà dé ìgbà, tí wọ́n sì ń ní kí àwa máa pàtẹ́wọ́.

Àwọn baba wa mọ̀ nípa òkú tó ń rìn láàyè ju àwọn òǹkọ̀wé eré wọ̀nyí lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé a máa lọ sí ìlú òkèèrè, a máa ṣòwò, a máa fẹ́yàwó, a sì máa bímọ, gẹ́gẹ́ bí àkúdàáyà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí àkúdàáyà kì í rú, òun ni pé lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá ti fojú kàn án, ọjọ́ náà ni yóò pòórá, tí àwọn ará ìlú tó ń bá gbé kò sì ní rí i mọ́ láéláé. Òfin yìí ló mú kí ìtàn àkúdàáyà máa bani lẹ́rù, òun náà ló mú kí ó máa bani nínú jẹ́, nítorí ó ń jẹ́ kí á mọ̀ pé bó ti wù kí ìfẹ́ ọmọ tàbí ti aya pọ̀ tó, kò lè di òkú mú kí ó dúró. Ẹ̀dà orí tẹlifíṣọ̀n kò ní òfin kankan. Bàbá fojú kàn án, kò pòórá. Ọ̀rẹ́ fojú kàn án, kò pòórá. Bí sáà kan bá sì parí, wọn a tún wá òmíràn láti ayé tó kù.

Harrison Wells ni kí a wò bí ẹ bá rò pé mo ń sọ àsọdùn. Tom Cavanagh ló ṣe é nínú The Flash: ní sáà kìíní, ọ̀dájú tó gbé àwọ̀ Wells wọ̀ ni; ní sáà kejì, Harry ti ayé kejì dé; ní sáà kẹta, H.R. dé, lẹ́yìn náà ni Sherloque, lẹ́yìn rẹ̀ ni Nash. Nínú gbogbo wọn, H.R., aláwàdà tí kò mọ ohun púpọ̀ ṣe, ni ikú rẹ̀ wúwo jù lọ, nítorí òun ló fi ara rẹ̀ rọ́pò Iris lọ́dún 2017, tó jẹ́ kí ọ̀bẹ ọ̀tá gún òun kí ìyàwó àfẹ́sọ́nà Barry lè yè. Ó yẹ kí àyè rẹ̀ ṣófo fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn tó kù máa wo ibi tó ti ń jókòó. Kò ṣófo. Ẹni tó ní ojú kan náà ló bọ́ sí i ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni òpin eré Arrow. Ní ìparí ọdún 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọ́n ṣe àkójọpọ̀ ńlá tí wọ́n pè ní Crisis on Infinite Earths, apá márùn-ún, nínú eré márùn-ún, nínú èyí tí gbogbo ayé parun, tí Oliver Queen sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dá ayé tuntun. Erin wó. Ikú akọni nìyẹn, bí wọ́n bá ti fi í mọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, nígbà tí a dé apá ìkẹyìn eré Arrow, tí a ń retí òkú rẹ̀, ta ni a rí? Moira, ìyá rẹ̀, wà láàyè. Tommy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà láàyè. Quentin wà láàyè. Àwọn kan pe ìyẹn ní oore. Èmi pè é ní olè jíjà. Ẹ rántí bí Moira ti kú lọ́dún 2014: ọ̀tá so òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí Oliver yan ẹni tí yóò kú nínú ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, obìnrin yìí, tó ti parọ́, tó ti dalẹ̀, tó ti lọ́wọ́ nínú ikú ọ̀pọ̀ ènìyàn, sì dìde dúró fúnra rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè yè. Ọjọ́ a bá kú là ń dère. Lọ́jọ́ yẹn ni Moira Queen di ère. Ẹ rántí Tommy náà, tó wọ inú ilé tó ń wó lọ́dún 2013 láti gba Laurel là. Ó sàn ká kú ní kékeré ká fi ẹṣin ṣe ìrèlé ẹni, ju ká dàgbà láìní adìyẹ ìrànà. Ẹṣin ìrèlé yẹn ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ayé tuntun, Moira kò kú nítorí ọmọ rẹ̀ rí, Tommy kò kú nítorí Laurel rí. Ohun tó dára jù lọ tí wọ́n ṣe láyé wọn kò ṣẹlẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní kí á máa yọ̀ pé wọ́n ń mí.

Èsì kan wà tó le, n kò sì ní sá fún un. Àwọn kan yóò ní: Quentin ńkọ́, tó fẹ́ràn Black Siren bí ọmọ, tó mú un kúrò lọ́nà ibi, tó sì gba ọta ìbọn tí wọ́n yìn sí i ní òpin sáà kẹfà, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ kú? Mo gbà pé Paul Blackthorne ṣe é dé ojú àmì. Àmọ́ àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ìlẹ̀kẹ̀ Laurel ni wọ́n sì bọ́ fún àjèjì yìí. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin tó ní ojú mìíràn ni Quentin gbà là, ìfẹ́ rẹ̀ ì bá jẹ́ ìfẹ́ gidi fún ẹlẹ́ṣẹ̀ kan. Nítorí ojú yẹn, ìfẹ́ òkú ló ń ná fún alààyè. Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí eré Loki ti ọdún 2021, nínú èyí tí Loki tó bọ́ lọ́wọ́ àtúbọ̀tán rẹ̀ jókòó wo ikú ara rẹ̀ lójú àwòrán. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ó sì sàn ju ti àwọn tó kù lọ. Síbẹ̀, Thor tó sunkún lórí òkú Loki, àbúrò rẹ̀, lọ́dún 2018 ńkọ́? Ẹkún tirẹ̀ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Àwọn ìwé aláwòrán tí wọ́n ń fi bojú yìí gan-an ló ti fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wọ́n. Lọ́dún 1985, nínú Crisis tí Marv Wolfman kọ, tí George Pérez sì yàwòrán rẹ̀, Barry Allen kú bó ti ń gba ayé là. Wọn kò gbé ẹ̀dà rẹ̀ wá. Wally West, ọ̀dọ́ tó ti ń sáré lẹ́yìn rẹ̀ láti kékeré, ló wọ aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé òun kò tó o. Ìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n sì fi kọ ìtàn tó gbádùn mọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi mú Barry padà lọ́dún 2008. Ọjà tí wọ́n sọ pé yóò bàjẹ́ bí akọni bá kú, ó tà lọ́wọ́ àrólé.

Lórí tẹlifíṣọ̀n náà, eré kan ti ṣe é. Nínú Superman & Lois, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021, John Henry Irons wá láti ayé mìíràn níbi tí Lois ti jẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó sì ti kú. Ó bá Lois ayé yìí, ìyàwó Superman, láàyè, ojú kan náà, ohùn kan náà. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ti fà á lé e lọ́wọ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Natalie, ọmọ John Henry, dé, tó sì pe Lois ní ìyá, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Gbogbo sáà kejì ni ọmọbìnrin náà fi ń gbé nítòsí ojú tó fẹ́ràn, tó sì ń kọ́ pé ojú nìkan kì í ṣe ènìyàn. Nígbà tí ọ̀tá pa Superman fúnra rẹ̀ ní sáà kẹrin, ó padà wá, àmọ́ ọkàn àyà bàbá ìyàwó rẹ̀ tó kú nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi jí i, ọkàn ènìyàn sì ni, èyí tó ń gbó, tó sì ń rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ní apá ìkẹyìn, Lois ṣàìsàn, ó kú. Lẹ́yìn rẹ̀, Clark, ìyẹn Superman, náà dàgbà, ó hu ewú, ọkàn yẹn sì dákẹ́. Bí wọ́n bá lè jẹ́ kí Superman, tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé, kú ikú tí kò ní ẹ̀dà, kí ni àwọn tó ṣe The Flash lè wí tí wọn kò fi lè jẹ́ kí Henry Allen sùn nínú ibojì rẹ̀ fún alẹ́ kan ṣoṣo?