Àtẹ́wọ́ Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀ Nínú Gbọ̀ngàn Orin

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn orin klásíkà, láti London títí dé Èkó: pé ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ kí símfónì tó parí pátápátá, ará oko ni. Nínú àwọn apá tí símfónì pín sí, kìíní á parí, àlejò kan á pàtẹ́wọ́, kíá ni wọ́n á ti máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n á ní kó dákẹ́. Ojú á ti í, ó sì lè má padà wá mọ́. Wọ́n ní bí àwọn tó kọ orin wọ̀nyí ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tó ni orin. Ní 1778, Mozart kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Paris nípa símfónì tuntun kan. Ó ní òun mọ̀ pé ibì kan wà láàárín apá kìíní tí yóò dùn mọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tí àwọn olórin débẹ̀, orin ò tíì dúró tí àtẹ́wọ́ fi sọ. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi tún mú ibẹ̀ padà wá nígbà tí apá náà ń parí lọ. Ṣé ó bínú? Rárá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ jẹ áísìkiriìmù.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, 1813, ní Vienna, Beethoven darí símfónì keje rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Apá kejì dùn mọ́ àwọn èrò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe.

Mahler fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní tirẹ̀ fún orin márùn-ún tó fi ṣọ̀fọ̀ àwọn ọmọdé tó kú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé orin náà pé kí àtẹ́wọ́ má dá wọn lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé òfin ni tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ kọ ọ́ sí?

Ẹnìkan lè ní àtẹ́wọ́ máa ń ba ìfọkànsí jẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn orin kan wà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí olùdarí bá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa ń yé. Ìdàrúdàpọ̀ gidi ni fóònù, ariwo ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹni tó ń wọlé-jáde.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní, 2012, ẹgbẹ́ olórin New York Philharmonic ń ṣe símfónì kẹsàn-án Mahler. Wọ́n ti ń súnmọ́ òpin rẹ̀, ohùn orin ti rọlẹ̀ gan-an, ni fóònù kan ní ìlà iwájú bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí kò sì dákẹ́. Alan Gilbert, olùdarí wọn nígbà náà, dá orin dúró, ó ní kí wọ́n pa fóònù náà. Àwọn kan nínú èrò ń pariwo pé kí wọ́n lé onífóònù náà síta. Gilbert dúró títí fóònù fi dákẹ́, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èrò, ó sì padà sẹ́yìn díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ onífóònù náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní fóònù ọ̀hún, kò sì mọ̀ pé áláàmù wà níbẹ̀. Ó bẹ Gilbert, Gilbert sì gbà.

Bí ẹni tó fi áláàmù ba Mahler jẹ́ bá rí àforíjì gbà, kí ni ẹni tí orin dùn mọ́ ṣe tí a fi ń dójú tì í?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò eré, àlejò lójú, kò fi ríran: ẹ sọ fún wọn kí orin tó bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n pa fóònù, ẹ sì sọ ibi tí ẹ bá ti fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú gbọ̀ngàn, bí ẹnì kan bá pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí Mozart ń retí lọ́wọ́ èrò rẹ̀ gan-an ló ṣe yẹn.