Wọ́n yọ gílóòbù iná ABS kí wọ́n tó ta mọ́tò fún mi, díẹ̀ ló kù kí n kó sábẹ́ tírélà!

Ẹni tó bá pa ajá tó ń gbó nítorí pé ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kóun sùn, olè ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún yẹn. Ohun tí ẹnì kan fi mọ́tò mi ṣe gan-an nìyẹn, èmi náà ò sì mọ̀, àfìgbà tí mo kan ìjàngbọ̀n lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Tòkunbọ̀ kan báyìí ni mo rà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò síná kankan tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, inú mi dùn dẹ́yìn. Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà òjò, mo ń bọ̀ láti Ṣakí, ìnáwó ọ̀rẹ́ mi kan ni mo bá lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ọ̀nà ń dán. Mo ti ń sún mọ́ Ìpàpó nígbà tí agbo màlúù já sójú títì lójijì. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan pa, mọ́tò wá ń yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ilá mọ́lẹ̀. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò dá mi lóhùn. Tírélà tó kó pákí ń bọ̀ níwájú! Bí kì í bá ṣe pé awakọ̀ yẹn já tiẹ̀ wọ inú koríko, ẹlòmíì ni ì bá máa kọ ojú ìwé yìí fún yín lónìí.

Ní Ìsẹ́yìn, mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ló tú àṣírí. Ó ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta ẹ́ńjìnnì. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ti ọ́ìlì, ti bátìrì, ti bíréèkì ọwọ́.

Baba wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, iná ABS tìẹ dà?"

Mo ní: "Baba, ṣé ó yẹ kó tàn ni?"

Ó ní: "Ó gbọ́dọ̀ tàn, kó tó kú. Èyí tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ ojú ẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, òótọ́ ni, gílóòbù ọ̀hún ò sí níbẹ̀. Wọ́n fi òmíràn síbẹ̀, ó tàn, ó sì kọ̀ kò kú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Lọ́dún 1978 ni iléeṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé ABS yìí jáde, lára Mercedes-Benz S-Class sì ni. Sẹ́ńsọ̀ wà nídìí táyà tó ń ka bó ṣe ń yí. Ó ń ròyìn fún àpótí kékeré kan, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, tí wọ́n dè mọ́ pọ́ǹpù ABS lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí táyà kan bá fẹ́ gan, ọpọlọ yìí á dẹ bíréèkì ẹ̀ díẹ̀, á tún fún un, á tún dẹ ẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn lè tẹ bíréèkì tán kó tún máa darí mọ́tò. Bó bá bàjẹ́, bíréèkì á ṣì máa mú, àmọ́ táyà á máa gan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn.

Kì í ṣe ọpọlọ lèèyàn ń kọ́kọ́ mú lólè o. Fíúùsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ wo bátìrì bóyá iná ẹ̀ ti relẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo wáyà sẹ́ńsọ̀ nídìí táyà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa l'Òkè-Ògùn, bí títì ọ̀dà bá tiẹ̀ dára, yangí ló kù lọ́nà oko. Òkúta á gé wáyà, ẹrẹ̀ pupa á lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀. Wáyà táyà iwájú lápá òsì tèmi ti já, ọ̀rá ni wọ́n fi dì í! A tún un ṣe, iná ò kú. Ìgbà tí rìwáyà wá fi ẹ̀rọ scan yẹ̀ ẹ́ wò ló tó ní ọpọlọ gan-an ló ń ṣàìsàn.

A tú ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù bátìrì. Lára irú mọ́tò tèmi, ọpọlọ yẹn ṣeé yọ kúrò lára pọ́ǹpù láì tú páìpù bíréèkì kankan. Mo gbé e lọ sílé. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe ló bá mi ṣí i, lórí tábìlì ìjẹun mi, ìyàwó mi ń kùn pé a ti sọ ilé di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ó fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìdérí ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó má baà kan wáyà inú. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, la bá rí i: òjé tó so ẹsẹ̀ wáyà pọ́ǹpù mọ́ pátákó inú ẹ̀ ti sán yípo, ó tín-ín-rín bí irun orí. Ooru ẹ́ńjìnnì àti jàgajìgì ojú ọ̀nà ló ń fà á. Ó yọ́ òjé tuntun sí i, ó fi sílíkóònù lẹ ìdérí padà, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ, kómi má baà ráyè wọ̀ ọ́. Nígbà tá a dè é padà, mo ṣí kọ́kọ́rọ́. Iná ABS tàn, ó sì kú fúnra ẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó!

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ṣeé ṣe nílé. Àwọn tó ni Volvo 850 àti S70 ayé ọdún 1996 sí 1998 mọ òjé tó ń sán yìí dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn l'Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló ti jó o fúnra wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn Passat àti Audi A4 kan tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990, wáyà inú ọpọlọ Bosch wọn tín-ín-rín débi pé òjé onírédíò ò lè mú un. Ẹ gbé e fẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá òmíràn ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn, nọ́ńbà ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tiyín mu rẹ́gí. Bẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ bá epo bíréèkì nínú ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀ jẹ́ẹ́. Lóṣù kẹsàn-án 2023, Hyundai àti Kia pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta padà l'Amẹ́ríkà, nítorí pé epo tó ń jò nínú ABS lè dáná sí mọ́tò. Wọ́n ní ìta gbangba ni kí wọ́n máa gbé e sí. Ẹ má sì tú pọ́ǹpù àti páìpù ẹ̀ nílé, atẹ́gùn á wọ̀ ọ́, bíréèkì á wá rọ̀ bíi fóòmù. Bí iná bíréèkì pupa bá tàn pọ̀ mọ́ ti ABS, ẹ má wa mọ́tò yẹn rárá.

Orí pápá gbalasa ni mo ti dán tèmi wò. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n gbìgbìgbì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ ọkọ̀ sì ń gbọ́ tèmi. Ẹlòmíì tẹ́rù bá bà á gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ má gbé e o, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Àmọ́ lórí yangí àti òkúta wẹ́wẹ́, mọ́tò tó ní ABS lè pẹ́ kó tó dúró ju èyí tí kò ní in lọ, nítorí náà, ẹ rọra sáré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta mọ́tò, àtẹ̀yin mẹkáníìkì tẹ́ ẹ ń bá wọn yọ gílóòbù tàbí tẹ́ ẹ ń fi téèpù dúdú bò ó, iná kọ́ ni àìsàn, ìránṣẹ́ ni. Owó tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ pa á mọ́ ò tó owó pósí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó ka owó, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ ka iná. Èyí tí kò bá tàn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù.

A ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.