Ta Ni Yóò Lè Dé Ìpàdé? Yíyan Ibi Àpérò Òwò ní Enugu

Ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí gbọ̀ngàn àpérò ńlá ti ìlú Enugu, èyí tí ó gba 5,000 ènìyàn. Ìjọba ìṣáájú ni ó dáwọ́ lé iṣẹ́ náà, ó sì dúró fún ọdún púpọ̀ kí Gómìnà Peter Mbah tó parí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, àwọn agbẹjọ́rò wọ́ láti gbogbo Nàìjíríà lọ sí Enugu fún àpérò ọdọọdún ẹgbẹ́ wọn. Kò sí àní-àní pé ohun ìwúrí ni èyí jẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àpérò òwò gba àròjinlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣé títóbi gbọ̀ngàn ni ó ń mú ibi ìpàdé yẹ oníṣòwò ni, àbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè dé ibẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀?

Àdúgbò Ogui, ní àárín ìlú náà, tó láti dá ìbéèrè yìí lóhùn. Ní 1909 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn rí èédú ní agbègbè Udi; nígbà tí ó fi di 1916, réluwé ti so Enugu mọ́ èbúté Port Harcourt. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ni ó pe àwọn oníṣòwò wá sí Enugu. Iṣẹ́ àti ọ̀nà ni ó pè wọ́n. Títí di òní, pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe wà ní ọ̀nà Ogui, ọjà Ogbete kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ní Independence Layout ni gbọ̀ngàn tuntun wà. Ọ̀gá báńkì tí ó bá ọkọ̀ òfurufú dé yóò fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Nnewi, tàbí ẹni tí ń rán bàtà ní Aba tí ó sì wọ ọkọ̀ èrò wá, yóò kọ́kọ́ béèrè iye tí òun yóò fi sùn mọ́jú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yan ibi ìpàdé ti yan àwọn tí yóò wá, kí ó tó kọ ìwé ìpè ẹyọ kan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ láti wò ni ọ̀nà. Láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kẹjọ 2020, pápá ọkọ̀ òfurufú Akanu Ibiam wà ní títì fún àtúnṣe. Ẹni tí ń bọ̀ láti Èkó ní láti sọ̀ sí Asaba tàbí Owerri, kí ó tó wọ mọ́tò. Ẹni tí ó sì gba ilẹ̀ wá gbọ́dọ̀ ré odò Ọya kọjá sí Onitsha, lórí afárá tí a parí ní 1965, títí èkejì fi ṣí ní 2023.

Èkejì ni ọjọ́. Yorùbá ń pe Mọ́ńdè ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí oníṣòwò ń fi ìrètí ṣí ìsọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ IPOB pàṣẹ ní oṣù kẹjọ 2021 pé kí ènìyàn máa jókòó sílé ní ilẹ̀ Ìgbò, nítorí ìtìmọ́lé Nnamdi Kanu, olórí wọn. Ọjà tì, báńkì tì. Gómìnà Mbah fagi lé e ní Ìpínlẹ̀ Enugu láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2023, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í gbọ́ àṣẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Gbọ̀ngàn tí ó gba 5,000 kò wúlò ní ọjọ́ tí 50 kò lè jáde nílé.

Ìtàn ti fi èyí hàn rí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ológun Nàìjíríà fẹ́ yanjú aáwọ̀ láàárín Èkó àti Enugu ní oṣù kìn-ín-ní 1967, Aburi ní Ghana ni wọ́n ti pàdé. Kì í ṣe pé gbọ̀ngàn wọ́n nílé. Ibi tí ọkàn tọ̀tún-tòsì yóò ti balẹ̀ ni ó wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú. Ìjọba Ìlà-Oòrùn àtijọ́ kọ́ Hotel Presidential ní Enugu, ó sì lókìkí. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó dìde sí àtúnṣe rẹ̀. Ilé tí kò ní iná, omi àti owó ìtọ́jú yóò di ahoro, bí ó ti wù kí ọjọ́ ìṣílé rẹ̀ dùn tó.

Àwọn kan lè sọ pé gbọ̀ngàn ńlá nìkan ni ó lè fa olówó ilẹ̀ òkèèrè mọ́ra. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí àpérò ńlá ń fẹ́ àyè ńlá. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A lè ṣí àpérò ní gbọ̀ngàn ńlá, kí a sì ṣe ìjíròrò ọjọ́ kejì ní Ogui, nítòsí ọjà. Ó yẹ kí ìjọba tún ojú ọ̀nà àti gọ́tà Ogui ṣe, kí iná sì máa tàn níbẹ̀ lálẹ́, pẹ̀lú ìtara tí ó fi parí gbọ̀ngàn náà. Bí ẹni tí ń rán bàtà ní Aba kò bá lè dé ìpàdé, àwọn tí ó dé yóò kàn máa sọ̀rọ̀ nípa òwò ni, láìsí àwọn tí ń ṣe é.