Egbò Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ àti Ìgò Kékeré Tí Wọ́n Kọ "Human" Sí

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní Festac, níbi tí a ti ń bá àwọn ènìyàn yẹ ṣúgà ara wò, bàbá kan fa fóònù yọ, ó sì fi àwòrán ìgò kékeré kan hàn wá. Ẹnìkan tó ń tajà lórí WhatsApp ló ní kí wọ́n rà á, pé ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, àti pé yóò wo egbò tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láti ìgbà Ààwẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń da bàbá láàmú. Ọ̀rọ̀ "human" tó wà lára ìgò ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ara òkú ni wọ́n ti yọ ọ́ ni? Ṣé kò ní jẹ́ haramu?"

Kì í ṣe ara òkú. Purotéènì ni, ara ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sì ń ṣe irú rẹ̀. Bí atẹ́gùn ọ́síjìn kò bá tó ẹran ara níbì kan, ara a tú u jáde kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lè hù lọ síbẹ̀. VEGF ni wọ́n ń pe èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ní 1989 ni Napoleone Ferrara àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yọ ọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì mọ jíìnì rẹ̀. Ẹ̀dà jíìnì yìí ni wọ́n ń fi sínú bakitéríà, yíìsì, tàbí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú ike, kí ìyẹn máa bá wọn ṣe purotéènì náà. Ohun tí "human" ń sọ ni pé bí ti ènìyàn ló ṣe rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ínsúlíìnì. Tẹ́lẹ̀, inú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní 1982 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí bakitéríà ń ṣe. Ẹni tó bá ń sá fún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nítorí ẹlẹ́dẹ̀, kó mú páálí rẹ̀ wá, ká jọ kà á. Ìdájọ́ halali àti haramu wà lọ́wọ́ àwọn àáfà wa. Tiwa ni láti sọ ibi tí nǹkan ti wá.

Ṣùgbọ́n a sọ fún bàbá pé kí wọ́n má rà á. Lára ìgò yẹn kan náà, lẹ́tà wẹ́wẹ́ kan wà: "For research use only." Fún ìwádìí nìkan ni. Inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń kán an sórí sẹ́ẹ̀lì láti wo bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń hù. Kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ẹni tó wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún egbò ènìyàn, inú òtútù ló sì yẹ kó wà, kì í ṣe inú báàgì nínú oòrùn Mile 2. Ẹni tó bá tà á fún aláìsàn, ìrẹ́jẹ ló ṣe, bó tilẹ̀ fi bismillah bẹ̀rẹ̀ ọjà rẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun kì í sì í ṣe oore níbi gbogbo. Láti 1971 ni Judah Folkman ti kọ ọ́ pé kókó jẹjẹrẹ nílò iṣan tuntun kó tó lè dàgbà. Ní 2004, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab, oògùn tó ń dí VEGF lọ́wọ́, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Nínú ojú alátọ̀gbẹ, VEGF tó bá pọ̀ jù a máa hu iṣan tí kò lágbára, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó sì lè fọ́ni lójú. Bàbá wa yìí ti sọ pé ojú àwọn ń ṣú.

Ojúlówó oògùn kan wà nínú ẹbí yìí, becaplermin, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi yíìsì ṣe, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1997 fún egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé dáadáa. Nínú ìwádìí kan, egbò san pátápátá fún 50 nínú 100 àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 20. Àwọn tí wọ́n fún ní jẹ́ẹ̀lì òfìfo ńkọ́? 35. Ìtọ́jú lásán ló wo àwọn yẹn: wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n ń di egbò, wọn ò jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Èyí wà ní ilé ìwòsàn wa, kò nílò WhatsApp.

Àlùwàlá ti fún wa ní àǹfààní lójoojúmọ́. Bí a bá ń fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ká wò ó, ká sì nù ún gbẹ. Ẹni tí kò lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kó pe ọmọ. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ kọnkéré ìta mọ́sálásí lọ́sàn-án Jímọ̀. Ó lè jó kó má mọ̀. Ẹ má tú kápúsù dà sójú egbò. Bó bá dúdú, tó ń rùn, tàbí tí ẹsẹ̀ wú, ọjọ́ yẹn gan-an ni ká lọ sílé ìwòsàn.

Bàbá lọ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Egbò náà kò tíì dí, àmọ́ wọ́n ti gé òkú ẹran ibẹ̀, ṣúgà wọn sì ń wálẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọmọ wọn obìnrin a tan iná fóònù sí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì.