Ìtọ́jú Tí Kò Lórúkọ Nínú Ìwé

Ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń tajà láti ìgbà pípẹ́, ni mo ti gbọ́ tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan wí pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni fífi nọ́ńbà sí ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra ni a ń sọ nígbà náà. N kò gba ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe rẹ́jísítà láràárọ̀ mọ̀ pé ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lè jókòó sí kíláàsì lọ́dún yípo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò a kò ní rí ìwé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtọ́jú ara. CMU, ètò ìlera gbogbogbò tí òfin ọdún 2014 dá sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019: 1,000 fránkì lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ètò náà sì gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú. Ìtọ́jú wo? Èyí tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ nìkan.

Ní ìparí ọdún 2023 ni Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy fún àrùn yìí. Wọn a fa sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọn a fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí yóò tún jíìnì inú rẹ̀ ṣe, wọn a fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ run, kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sínú iṣan rẹ̀. Bí akọ̀wé bá pe gbogbo èyí ní ìfàjẹ̀sínilára, owó ìfàjẹ̀sínilára ni ilé ìwòsàn yóò gbà, kò sì ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyà yìí jẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá. Ẹgbẹ́ dókítà wọn, AMA, ni ó ni ìwé nọ́ńbà CPT. Ní 2019, wọ́n fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní CAR-T ní nọ́ńbà onígbà díẹ̀ mẹ́rin, 0537T dé 0540T: fífa sẹ́ẹ̀lì, mímúra rẹ̀ fún ìrìn àjò, gbígbà á padà, àti fífà á sára. Ó di 2025 kí ó tó gba nọ́ńbà tí ó fìdí múlẹ̀, 38225 dé 38228. Síbẹ̀, Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà wọn, kọ̀ láti sanwó mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́tọ̀. (Kí ẹni tí ó rò pé nọ́ńbà kò ní ìṣèlú nínú tún èyí kà.)

Alátakò mi a máa pa á lówe pé ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni iye owó Casgevy nígbà tí ó jáde, ta ni yóò san án ní Adjamé? N kò jiyàn owó. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ní kí a wò, a ti wò ó: ní Áfíríkà ni a ti ń bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí àrùn yìí ń bá jà. Gbígba mùdùnmúdùn lára ọmọ ìyá ẹni kò sì jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní Nàìjíríà ti ṣe é fún aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní 2011. Nínú CPT, 38240 ni ti ẹlòmíràn, 38241 ni ti ara ẹni.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń ṣe ìwé náà ní Abidjan àti ní Àbújá rí i pé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí oògùn tó dé. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí òkè òkun fún ìtọ́jú tí kò ní nọ́ńbà nílé kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni, mínísítà yóò sì wí pé kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ èdè sì bá wa wá orúkọ Yorùbá fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìyá tí ń fọwọ́ sí ìwé ní Adjamé lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ọmọ rẹ̀.