Ta Ni Yóò Máa Pín Bọ́ọ̀lù?
Lóṣù keje ọdún 2021, D'Tigers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ilẹ̀ wa, na Amẹ́ríkà ní 90 sí 87. Nínú oṣù kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jáde ní Òlíńpíìkì Tokyo, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n fìdí rẹmi. Òmìrán kò wọ́n wọn. Lójú tiwa, ẹni tí yóò máa fara balẹ̀ pín bọ́ọ̀lù ló wọ́n wọn. Bí géńdé kún ọkọ̀ Ìwàrà sí Iléṣà fọ́fọ́, láìsí awakọ̀, ṣé yóò kúrò ní gáréèjì?

Ní Paris lọ́dún 2024, D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, ní Ezinne Kalu àti Promise Amukamara fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n na Australia àti Canada, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó bá wọn dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù.

Nítorí náà, kí àwọn kóòṣì ilé-ìwé wa má ṣe máa ṣa ọmọ tó ga nìkan.